Ikọ́ Inú Orin 114

Ìṣẹ́gun, 14 Oṣù Kẹwàá 2025

Ìwé tuntun. Èyí tó kún tán parí sórí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, ẹ̀rí pé mo ti di ará Lọ́ńdọ̀nù.

Nítorí ọjọ́ tí mo bá gbàgbé ìwé yìí sínú bọ́ọ̀sì: Olúwatìmílẹ́hìn lorúkọ mi. Ọdún mẹ́ta rèé tí mo ti dé Dagenham. Nílé, mo gba HND nínú iṣẹ́ ìròyìn ní poli, mo sì ń kọ ojú ewé ẹ̀fẹ̀ fún ìwé ìròyìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́, títí ọ̀gá poli fi pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀ láti sọ fún mi pé òun ò rẹ́rìn-ín. Níbí, mo ń wẹ arúgbó. Iṣẹ́ méjèèjì ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Èèyàn ṣáà ní láti mọ ìgbà tó yẹ kó wo ẹ̀gbẹ́ kan.

Aago méje ààbọ̀ àárọ̀, nígbà mìíràn alẹ́ náà, àdúgbò Goresbrook, ilé Màmá Wúràọlá Akínbọ̀dé. Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin. Àrùn rọpárọsẹ̀ kàn án ní ọdún tó kọjá. Ẹsẹ̀ òsì ò gbọ́ràn mọ́, ẹnu ṣì ń gbọ́ràn. Ìdí fèrèsé ló máa ń wà látàárọ̀, tó ń wo òpópónà bí ẹni tó ń retí lẹ́tà. Ìyá Fèrèsé ni mo ń pè é nínú ìwé yìí. Lójú rẹ̀, "Màmá" ni, mo sì ń dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, bí àyè bá ṣe gbà láàárín bẹ́ẹ̀dì àti kẹ̀kẹ́ arọ.

Òun àti Monísọ́lá ọmọ rẹ̀ ni wọ́n jọ ń gbé. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta, akọ̀wé ní ilé-ẹ̀kọ́ kan, akọ̀wé ìjọ wa, adarí ẹgbẹ́ akọrin. Fáìlì kan fún oògùn, ọ̀kan fún oúnjẹ, ọ̀kan fún èmi. Sísítà Fáìlì. Bàbá rẹ̀, Wòlíì Akínbọ̀dé olóògbé, ló dá ìjọ Aládúrà wa sílẹ̀ ní 1975. Ní oṣù tó ń bọ̀, ìjọ á pé àádọ́ta ọdún, wọ́n sì fẹ́ tẹ ìwé orin rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ta ló lọ sí poli? Èmi náà ni. Torí náà èmi ni mo ń tẹ orin mẹ́tàlélọ́gọ́jọ sínú kọ̀ǹpútà.

Lábẹ́ orin kọ̀ọ̀kan, ìlà mẹ́rin: ẹni tí a fi fún, ọjọ́, wákàtí, ibi. Nítorí pé àwa kì í ṣẹ̀dá orin. A máa ń rí i gbà ni, látọ̀dọ̀ Ẹ̀mí. Orin 37 wá fún alàgbà kan ní ibi ìdúró bọ́ọ̀sì ní Dagenham Village, ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Mo fẹ́ràn ìṣẹ́jú mẹ́fà yẹn. Ẹ̀mí náà pẹ́ dé, bíi bọ́ọ̀sì.

Ọjọ́rú, 15

Òjò. Orin 38 títí dé 61. Ìyá Fèrèsé ní kí n tún irun òun dì, pé òun rí bí ohun tí wọ́n fà jáde látinú àpò ìrẹsì. Ó rí bẹ́ẹ̀.

Àìkú, 19

Ìsìn ní Creekmouth. Ilé ẹrù ni ṣọ́ọ̀ṣì wa, láàárín ibi tí wọ́n ti ń ta táìlì àti ibi tí wọ́n ti ń tẹ mọ́tò àlòkù pẹlẹbẹ. Odò Roding wà lẹ́yìn ògiri. Kùrukùru pọ̀ láàárọ̀ débi pé aṣọ funfun wa kò hàn nínú ọgbà. Orí nìkan ló ń bọ̀, àti ẹsẹ̀ láìsí bàtà.

A kọ Orin 114. Èyí ni orin ìjọ gan-an, orin tí wọ́n fi ń ṣí àjọ̀dún, tí wọ́n sì fi ń sin òkú. Ẹsẹ kìíní nìyí:

*Omi tó ń lọ, rọra o,*
*Mo ní ọ̀rọ̀ láti bá ọ sọ;*
*Bó o bá dé ibi tí mo ti wá,*
*Sọ fún Baba mi pé mo ń bọ̀.*

Gbogbo ọmọdé ìjọ ló mọ ìtàn rẹ̀ sórí. Oṣù kọkànlá 1975, ọjọ́ kẹta ààwẹ̀. Wòlíì dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ yàrá òkè nílé rẹ̀. Ó gbọ́ ohùn áńgẹ́lì obìnrin kan tó ń kọrin láti ìsàlẹ̀. Nígbà tí áńgẹ́lì náà parí ẹsẹ kejì, ó húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó wá bọ́ sí ẹsẹ kẹta. Wòlíì kì í fi nǹkan kan ṣòfò. Ó kọ ikọ́ náà sílẹ̀ pẹ̀lú orin. Láti ọjọ́ náà, bí a bá ti parí ẹsẹ kejì, gbogbo ìjọ á húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀ọ́dúnrún èèyàn nínú aṣọ funfun. Hẹ̀m-hẹ̀m. Ẹsẹ kẹta.

Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo wo ẹsẹ̀ mi títí ìsìn fi parí, kí n má bàa rẹ́rìn-ín. Mo bi alàgbà kan pé kí ló dé tí áńgẹ́lì fi wá láti ìsàlẹ̀. Ó ní kí n gba ààwẹ̀.

Ṣùgbọ́n lónìí, kùrukùru wọlé láti ẹnu ọ̀nà, orin náà sì ń lọ nínú rẹ̀ bí ọkọ̀ ojú omi tí kò ní ẹ́ńjìnnì. Mo rí ẹ̀yìnkùlé ìyá mi, ike omi aláwọ̀ búlúù, okùn tí a fi ń sá aṣọ. Nígbà tó ku díẹ̀ kí ẹsẹ kẹta bẹ̀rẹ̀, mo húkọ́ gẹ́lẹ́ níbi tó yẹ. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n kò pọ̀.

Ìṣẹ́gun, 21

Mò ń fi òróró pa ẹsẹ̀ Ìyá Fèrèsé, ó sì ń kọ Orin 114 lábẹ́lẹ̀. Ó dé ìlà kẹrin, ó ní: *Sọ fún ìyá mi pé mo ṣì ń bọ̀.*

Mo ní, "Màmá, 'Baba mi' ni, mà."

Ó bi mí pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní ìwé ni. "Ìwé," ló wí, bí ẹni tó gbọ́ orúkọ ọmọ aládùúgbò kan tó ya ìpátá. Mo fi òróró dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bi mí pé orúkọ ta ni mo tẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Wòlíì Akínbọ̀dé, mà. Ṣé ó ti dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé? Mo ní rárá, ó di ọjọ́ kẹwàá oṣù tó ń bọ̀, Ajé.

Ó fi ọwọ́ ọ̀tún ka ọjọ́. Ogún.

"Tìmí, àwo orin kan wà. Marsh Lanterns lorúkọ ẹgbẹ́ olórin tó ṣe é. Àwòrán ẹrẹ̀ wà lára páálí rẹ̀. Wá a fún mi."

Mo ní ṣé ó gbajúmọ̀. Ó ní àwọn tó ṣe é gan-an ò rà á.

Àbámẹ́ta, 25

Ọjà Barking. Raheem ń ta àwo àtijọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ìyá rẹ̀, Àlájà Hùmúàní, ń ta gèlè. Ibí ni wọ́n bí i sí. Èdè Yorùbá rẹ̀ dà bí ilé tí wọn ò tíì kan òrùlé rẹ̀, ṣùgbọ́n èèyàn lè gbé inú rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Eruku ni mo ń pè é. Ó ní páálí kan tó kọ "Kò Sẹ́ni Tó Mọ̀ Wọ́n" sí lára.

"Marsh Lanterns? Bro." Ó fi ọwọ́ kan àyà. "Àwọn wọ̀nyí ò gbajúmọ̀ débi pé ìyá wọn gan-an ò mọ̀ pé wọ́n ń kọrin."

Ó yọ ọ́ jáde pẹ̀lú ọwọ́ méjì. Àwo kékeré kan, 1967. Lára páálí, èèyàn mẹ́ta dúró sínú ẹrẹ̀ létí odò ní Creekmouth: òyìnbó obìnrin kan tó ń jẹ́ Doreen, ọkùnrin ará Sàró kan tó ń jẹ́ Sylvanus tó gbé gìtá dání, àti ọmọbìnrin kan tó gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó ká ìdí aṣọ sókè, tó ń rẹ́rìn-ín sí nǹkan kan tí kò sí nínú àwòrán. Kò wọ bàtà.

Mo mọ ẹsẹ̀ òsì yẹn. Mo ń fi òróró pa á láràárọ̀.

Nígbà tí mo sọ fún Raheem, ó jókòó sórí páálí. Ó ní òun ò ní tà á fún mi láé, ṣùgbọ́n òun á yá mi, àwo àti ẹ̀rọ rẹ̀ pọ̀. Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́: kí obìnrin náà fọwọ́ sí ẹ̀yìn páálí. "Tell her mo ti ń wá a since mo wà ní skúùlù. Innit, ẹ̀gbọ́n. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n."

Àìkú, 26

Wọ́n dá aago padà sẹ́yìn, bí wọ́n ṣe ń ṣe níbí nígbà òtútù. Ìjọba fún gbogbo wa ní wákàtí kan. Mo fi tèmi sùn, mo lá àlá odò kan tó dúró láti gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ. Mi ò rántí nǹkan kan láti sọ.

Ìṣẹ́gun, 28

Mo dúró kí Sísítà Fáìlì lọ síbi iṣẹ́. Mo gbé ẹ̀rọ náà sórí tábìlì oògùn.

Ojú kìíní: orin Gẹ̀ẹ́sì nípa ọkùnrin kan tó ń pín wàrà. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Ó pín wàrà, ó lọ sílé. Doreen ló kọ ọ́. Mo yí àwo padà.

Gìtá kọ́kọ́ dún, bí ẹni tó ń fi èékánná kan gíláàsì. Lẹ́yìn náà, ohùn kan. Ohùn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, tí kò sì fẹ́ jí ẹlòmíràn. *Omi tó ń lọ, rọra o.* Yorùbá pọ́ńbélé, nínú àwo tí wọ́n ṣe ní Barking ní ọdún méjìdínlọ́gọ́ta sẹ́yìn. Ìyá Fèrèsé ò mira. Ní ẹsẹ kejì, ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá a lọ láìsí ohùn. Ní òpin ẹsẹ kejì, mo ti gbé ọwọ́ sí ẹnu kí n húkọ́. Kò sí ikọ́ nínú àwo. Gìtá nìkan.

"Tún un fi sí i." Ẹ̀ẹ̀mẹrin.

Ó ní kí ni wọ́n kọ sí i lára. Mo kà á: W. Oseni.

"Wúràọlá Ọ̀ṣẹ́nì. Ọmọ Ọ̀ṣẹ́nì alápatà ní Ẹ̀pẹ́. Èmi nìyẹn."

Ó wá sọ ọ́, ojú rẹ̀ sí òpópónà. Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fọ ìgò ní Creekmouth ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pàdé. Oṣù mẹ́jọ ni ẹgbẹ́ náà fi wà: ilé ọtí méjì, gbọ̀ngàn ọ̀dọ́ kan, àwo kan. Sylvanus padà sí Freetown. Doreen lọ́kọ, ó lọ sí Australia. Wúràọlá fẹ́ Akínbọ̀dé, ọmọlúàbí, ọkùnrin tó ń bá ìyàwó fọ aṣọ. Nígbà tí Ẹ̀mí pe ọkọ, ó bẹ ìyàwó kó fi orin ayé sílẹ̀. Ó fi í sílẹ̀. "Níta. Nínú kíṣìnì, ẹnu mi ò gbọ́."

Ó dé ọjọ́ kẹta ààwẹ̀ yẹn. Ó wà nísàlẹ̀, ó ń kọrin sí ara rẹ̀. Wòlíì sáré sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú omijé lójú: Wúrà, áńgẹ́lì bẹ̀ wá wò.

"Ó kọ́ mi ní orin náà, Tìmí. Orin mi. Ó ní mi ò gbé ìlà kejì dáadáa." Ó rẹ́rìn-ín títí mo fi mú omi wá.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ nígbà náà. Ó ní èèyàn mọ́kànlá péré ni ìjọ, mẹ́ta nínú wọn ń wá nítorí ìrẹsì. Wọ́n ti dá Wòlíì dúró níbi iṣẹ́. Ó ti ń sọ pé bóyá Ọlọ́run ò pe òun. "Ṣé kí n wá sọ fún un pé, rárá o, èmi ni?" Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ náà, ìjọ ń kún. Ìyókù, ó ní, kò kàn mí.

"Ọ̀rọ̀ ẹnu ni látijọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé, tí mo bá wá kú, ó parí. Mi ò fẹ́ gba nǹkan kan lọ́wọ́ ọkọ mi. Orúkọ mi ni mo fẹ́."

Mo ní èmi ni mò ń tẹ̀ ẹ́, mo lè yí i padà kí n tó mu tíì tán. Ó wò mí bí ọ̀gá poli.

"Kí n wá jí ohun tó jẹ́ tèmi? Mọ́ní ọmọ mi ló máa fọwọ́ sí i."

Ọjọ́bọ̀, 30

Sísítà Fáìlì ò lọ síbi iṣẹ́. Ó dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹ̀rọ Raheem, tí mo fi sílẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, lọ́wọ́.

"Kí nìyí, Brother Tìmí?"

"Ẹ̀rọ orin ni, mà."

"Mo rí i pé kì í ṣe ọlọ. Orin wo?"

Mo ti ṣètò ọ̀rọ̀ gígùn kan sílẹ̀, pẹ̀lú ìbẹ̀rẹ̀ àti àárín. Ohun tó jáde ni: "Orin 114, Àǹtí. Màmá ló ni ín. Láti 1967."

Ká ní ó pariwo ni, ìbá sàn. Ó ní ní ọ̀sẹ̀ tí bàbá òun kú, orin tí òun kọ sí i létí nìyẹn. Ẹsẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Òun húkọ́ níbi tó yẹ kí òun húkọ́. "Ìwọ wá dúró lẹ́nu ọ̀nà mi pé orin ilé ọtí ni." Ó ní àrùn yẹn ti kan ọpọlọ Màmá, lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní àwọn rí ẹṣin lójú pópó.

Èmi náà rí ẹṣin náà. Ọlọ́pàá ló gùn ún. Mi ò sọ ọ́.

Ó ní bí mo bá tún gbé àwo ayé wọ ilé yìí, òun á pe ọ́fíìsì tó gbà mí síṣẹ́. Mo mọ ohun tíyẹn jẹ́. Ìwé ìgbélùú mi ń sùn nínú dúrọ́ọ̀ ọ́fíìsì yẹn. Ó ti àwo àti ẹ̀rọ mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, ó mú kọ́kọ́rọ́ lọ.

Ìyá Fèrèsé ń wo òpópónà ní gbogbo àkókò yìí. Ó dùn mí. Nígbà tí ilẹ̀kùn pa dé, ó ní, "Ohùn bàbá rẹ̀ ló fi ń bínú yẹn. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ mọ."

Ẹtì, 31

Àwọn ọmọdé wọ aṣọ egungun òkú wá kan ilẹ̀kùn, wọ́n ń tọrọ súìtì, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe lálẹ́ ọjọ́ yìí lọ́dọọdún. Ìyá Fèrèsé fún wọn ní tọ́mtọ́m, súìtì dúdú tó ń ta lọ́fun. Wọ́n dúpẹ́ bí ẹni tó rí ẹ̀mí.

Ọjọ́rú, 5 Oṣù Kọkànlá

Ó ku ọjọ́ márùn-ún. Gbogbo àdúgbò ń yin bàǹgà, àṣà ọjọ́ karùn-ún oṣù yìí níbí. Iná pupa àti àwọ̀ ewé ń tú lórí àwọn òrùlé Goresbrook, ìró rẹ̀ ń pẹ́ dé, bí ìgbà tí èèyàn bá ń wo nǹkan láti inú omi.

Mo bi Ìyá Fèrèsé, kí n kàn lè mọ̀, pé báwo ló ṣe ṣẹ̀dá orin náà.

"Mi ò ṣẹ̀dá rẹ̀."

Ọjọ́ kejì ọjọ́ bàǹgà ni, ó ní. Rárá, àná rẹ̀ ni. Ọjọ́ kẹrin oṣù kọkànlá 1966, Ẹtì. Ó ń lọ síbi iṣẹ́. Bọ́ọ̀sì Creekmouth, kùrukùru, orí rẹ̀ lára gíláàsì. Oorun gbé e lọ. Ó rí ìyá rẹ̀ létí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́, ó ń fọ ìkòkò, kò bojú wẹ̀yìn. Nígbà tó jí, bọ́ọ̀sì ti gbé e kọjá ilé-iṣẹ́, ó ti dé ibi tí ọ̀nà ti parí sínú odò, orin náà sì ti wà lẹ́nu rẹ̀, ẹsẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bí ohun tí ẹnì kan gbé lé e lọ́wọ́ kó bá òun mú un dání.

Lẹ́yìn oṣù méjì ni lẹ́tà dé pé ìyá rẹ̀ ti kú ní ọ̀sẹ̀ yẹn.

Mi ò ní ẹ̀fẹ̀ kankan sí ìyẹn. Mo kàn bi í pé aago mélòó.

"Mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kí nìdí tó o fi ń béèrè?"

"Ìlà kan wà fún un nínú ìwé, mà."

Ẹtì, 7

Kí n fara balẹ̀ kọ eléyìí.

Fáìlì Oúnjẹ, ojú ewé kejì: ata, rárá. Àárọ̀ yìí, Ìyá Fèrèsé ní òun ò fẹnu kan ògì òyìnbó mọ́ láyé. "Tì mí lọ sí kíṣìnì. Din ata. Fọ́ ẹyin méjì sí i." Mo ní Àǹtí á pa mí. Ó ní Àǹtí ti lọ síbi iṣẹ́, pé òun ló sì bí i.

Mo gé ata rodo, mo gbé páànù léná. Ó jókòó sínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bí ọ̀gá ológun. Epo náà ò tíì gbóná, kí ló ń lé mi? Ṣé mo ń din ata ni àbí mo ń bẹ̀ ẹ́? Poli wo ni wọ́n ti kọ́ mi? Mo da ata sí i, mo fọ́ ẹyin méjèèjì lé e. Èéfín rẹ̀ gba gbogbo yàrá. Ojú mi ń dà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin.

Ẹsẹ kìíní, wẹ́rẹ́. Ẹsẹ kejì. Ní òpin ẹsẹ kejì, ata gbé e lọ́fun: hẹ̀m-hẹ̀m. Ó wá bọ́ sí ẹsẹ kẹta bí ẹni pé kò sí nǹkan.

Mo dúró pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́. Ikọ́ kan náà, ibì kan náà, iye kan náà. Àádọ́ta ọdún, ọ̀ọ́dúnrún èèyàn lọ́jọ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan.

Mo gbọ́ èémí lẹ́yìn mi. Àǹtí Mọ́ní wà ní kọ́rídọ̀, nínú kóòtù. Káàdì iṣẹ́ rẹ̀ ló gbàgbé. Mi ò mọ ìgbà tó ti dúró síbẹ̀. Ojú òun náà ń dà. Ata fún gbogbo wa ní àwáwí.

"Màmá."

"Ọmọ mi."

"Kí lẹ ń ṣe nísàlẹ̀ lọ́jọ́ tí Bàbá gbọ́ orin?"

Ìyá Fèrèsé wo páànù. "Mò ń din ata."

"Nínú ààwẹ̀?"

"Wòlíì ní kí gbogbo ilé gbààwẹ̀. Gbogbo ilé gbà á àfi ìwọ. Oṣù márùn-ún lo wà nínú mi. Ò ń ta mí nípàá bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ilé oúnjẹ. Ọjọ́ kìíní, mo fara dà á. Ọjọ́ kejì, mo fara dà á. Ọjọ́ kẹta, mo ní, Olúwa, ẹyin kan péré." Ó nu ojú. "Ìwọ lo ní ká jẹun, Mọ́ní. Ṣé o rí ìdí tí mi ò fi sọ ọ́? Kì í ṣe torí orin. Ǹ bá ti sọ ti orin. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ti ẹyin?"

Àǹtí Mọ́ní jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kíṣìnì pẹ̀lú kóòtù. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́, ó gba ṣíbí àti páànù lọ́wọ́ mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹyin náà látinú páànù. Ó fi lé ìyá rẹ̀ lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan. Ẹnikẹ́ni ò fi lọ̀ mí.

Lẹ́nu ọ̀nà, ó yíjú padà. "Ata ò sí nínú fáìlì, Brother Tìmí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó lọ. Ó tún gbàgbé káàdì náà.

Àìkú, 9

Àǹtí Mọ́ní ò wá sí ìsìn. Kò sẹ́ni tó rántí ìgbà tírú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ rí. Láìsí ọwọ́ rẹ̀ lókè, a húkọ́ ní ọ̀nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bí àwọn tí òtútù mú ní tòótọ́. Ọ̀la ni ìwé ń lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé. Mi ò lè sùn, mi ò sì jí.

Ajé, 10

Kọ́bọ́ọ̀dù wà ní ṣíṣí. Àwo Marsh Lanterns ń yí lórí ẹ̀rọ, abẹ́rẹ́ ti dé àárín, ó ń ṣe ṣáà, ṣáà. Àǹtí Mọ́ní jókòó ti ojú ewé Orin 114 tí mo ti tẹ̀, bírò pupa lọ́wọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, Ìyá Fèrèsé ń sùn nínú kẹ̀kẹ́, ẹnu là díẹ̀.

"Láti Àbámẹ́ta ni Màmá ti ń ní kí n tún un fi sí i," ló wí. Ó ní òun bínú títí di Àìkú. Kì í ṣe sí Màmá. Sí ohùn inú àwo. Ó ní òun ò mọ̀ pé Màmá ti jẹ́ ọmọdé rí.

Ó bi mí ní ibi tí bọ́ọ̀sì ti parí. Ó bi mí bóyá mẹ́fà ku mẹ́wàá náà dá mi lójú. Ó kọ ọ́ pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà, bó ṣe ń kọ orúkọ ọmọ tuntun sínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ wọn:

*Ẹni tí a fi fún: Wúràọlá Ọ̀ṣẹ́nì.*
*Ọjọ́: Ẹtì, 4 Oṣù Kọkànlá 1966.*
*Wákàtí: Aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àárọ̀.*
*Ibi: Nínú bọ́ọ̀sì, Creekmouth.*
*Ẹni tó gbọ́ ọ fún ìjọ: Wòlíì Akínbọ̀dé, ọkọ rẹ̀, 13 Oṣù Kọkànlá 1975.*

Ìlà márùn-ún. Kò sí orin mìíràn nínú ìwé náà tó ní ìlà karùn-ún.

Mo bi í ní ti "Baba mi" àti "ìyá mi". Ó ní kí n tẹ méjèèjì síbẹ̀, kí oníkálùkù pe ẹni tó ń retí rẹ̀. Mo bi í ní ti ikọ́.

Ó fi bírò náà fa ìlà lórí rẹ̀. "Yọ ọ́," ló wí. "Áńgẹ́lì ò húkọ́."

Mo yọ ọ́. Mo fi ìwé ránṣẹ́ ní aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́rin. Lẹ́yìn náà, Ìyá Fèrèsé jí, ó fi ọwọ́ ọ̀tún kọ orúkọ rẹ̀ sí ẹ̀yìn páálí Raheem. Ó bi mí bóyá ọmọ náà ti ní ìyàwó.

Àìkú, 16

Àjọ̀dún. Kùrukùru tún ti bo odò. Raheem wá, wọ́n gba bàtà olówó ńlá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó dúró lẹ́yìn pẹ̀lú ibọ̀sẹ̀ tó lu.

Àǹtí Mọ́ní bọ́ síwájú pẹ̀lú ìwé tuntun, ó ka ìlà márààrún pẹ̀lú ohùn tí wọ́n fi ń pe orúkọ ní kíláàsì. Ó sọ ti bọ́ọ̀sì. Ó sọ ti ààwẹ̀. Ó sọ ti ẹyin. Alàgbà kan dìde, ó wo Ìyá Fèrèsé, ó tún jókòó. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó sì di ẹkún kó tó parí. Lẹ́yìn náà a gbọ́ omi lẹ́yìn ògiri.

Ó gbé ọwọ́ sókè. A kọ ọ́. Ẹsẹ kìíní: àwọn kan ní Baba, àwọn kan ní ìyá, ó sì dà pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ bí ẹni pé èèyàn méjì ni ilẹ̀kùn kan náà ń ṣí fún. Mo mọ ẹni tí mo pè.

Òpin ẹsẹ kejì.

Kò sẹ́ni tó húkọ́. Kò sì sẹ́ni tó lè bẹ̀rẹ̀ ẹsẹ kẹta. Ọ̀ọ́dúnrún èèyàn dúró létí ibẹ̀, ẹnu ṣí, wọ́n ń wo ìwé tuntun tí kò sọ nǹkan kan fún wọn. Ọwọ́ Àǹtí Mọ́ní dúró lókè.

Ìyá Fèrèsé gbé ìka méjì sí ẹnu. Ó húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Mo fa èémí símú. Tùràrí, aṣọ tútù, ẹrẹ̀ odò. Kò sí ata kankan níbẹ̀ tó lè mú un húkọ́.

Ẹsẹ kẹta bẹ̀rẹ̀.